Sọ́kẹ́ẹ̀tì Yàrá Ìgbẹ̀bí

Òórùn ọ̀dà tútù ló máa ń mú mi rántí ilé Màmá Nọ́ọ̀sì ní Ifọ́nyìntẹ́dó, àti ọdún tí mo gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tí wáyà lè ṣe tí mi ò ní mọ ìdí rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaròó ni. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yí ilé àti ọ́fíìsì àwọn èèyàn ká, kí n sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sára ògiri. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ, mo ní báàgì irinṣẹ́ kan, mo sì ní tẹ́sítà kan tí mo fẹ́ràn ju àbúrò mi lọ. Àpótí kékeré méjì ni tẹ́sítà yìí. Èèyàn á ki ọ̀kan bọ ìdí wáyà níhìn-ín, á ki èkejì bọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, iná mẹ́jọ á sì máa tàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ìkíní dé orí ìkẹjọ. Tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá ti tàn tẹ̀ lé ara wọn, mo ti palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní òun ṣì ń rí ìṣòro, màá sọ fún un pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni kó gbé lọ fún àyẹ̀wò.

Ìyá mi ló rán mi sílé náà. Màmá Nọ́ọ̀sì jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, kò sì sí ilé tí wọn ò ti mọ̀ wọ́n láti Tube títí dé Ìdí-Ìrókò. Ọkọ wọn, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Hẹdimásítà, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ku iṣẹ́ alàgbà ìjọ tí wọn ò ní fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀ láéláé. Ọwọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, wọn kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹsẹ̀ ni mo mú wáyé. Ìyá mi rọbí ọjọ́ kan gbáko kí Màmá tó rí mi fà jáde. Nítorí náà, àṣìṣe yòówù tí mo bá ṣe lójú wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: ibi ẹsẹ̀ ni ọmọ yìí máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Wọ́n máa ń sọ ọ́ lójú àlejò. Wọ́n sọ ọ́ fún ọlọ́kadà tó gbé mi dé, ọlọ́kadà náà sì wo ẹsẹ̀ mi tìyanutìyanu kó tó lọ.

Ìtàn tí Màmá fẹ́ràn jù ni ti ilé ìgbẹ̀bí ìjọ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Yàrá kan àti ibùsùn mẹ́fà ni gbogbo ilé náà. Nígbà míì obìnrin mẹ́rin á bímọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì sí àmì tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ bíi ti ọsibítù ńlá. Màmá á ya tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ìró ìyá, wọ́n á so ó mọ́ ọmọ lọ́rùn ọwọ́. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ró àdìrẹ, àdìrẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ìyá rẹ̀ ró àǹkárá aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ewé ni tirẹ̀. Wọ́n á ní nínú gbogbo ọdún tí àwọn fi ṣiṣẹ́, ọmọ kan ṣoṣo ò ṣì bọ́ sọ́wọ́ ìyá tí kì í ṣe tirẹ̀. Èmi nìkan ni wọ́n so aṣọ mọ́ lọ́rùn ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọn ò sì fẹ́ dúró de ọwọ́. Mo máa ń rò pé àwàdà wọn ni.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Màmá bí, ẹgbẹ́ mi ni, a jọ ka ẹsẹ Bíbélì níwájú ìjọ nígbà tá a wà lọ́mọdé. Ó ti wà ní Kánádà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì lóyún àkọ́kọ́. Màmá ti béèrè fún físà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n lè lọ gbẹ̀bí ọmọ wọn, wọ́n sì ti dá wọn padà lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin tó ti gba ọmọ gbogbo ìlú sílẹ̀, tirẹ̀ wá ń bọ̀, kò sì ní sí níbẹ̀. Mo rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jẹ wọ́n nínú, nítorí wọn kì í ṣe àwàdà tí wọ́n bá débẹ̀. Ọsibítù ọ̀hún ti gbà kí wọ́n gbé fídíò síwájú ibùsùn, kí ìyá lè máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi bí. Ohun tó kù ni bí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ Màmá.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé fóònù ibẹ̀ kì í mọ orílẹ̀-èdè tó wà. O lè dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, kí fóònù kí ẹ káàbọ̀ sí ilẹ̀ Kùtọnu lédè Faransé, kí káàdì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sì gbẹ. Ọmọ Màmá ra díìṣì íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí òrùlé, ráútà rẹ̀, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, sì wà ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ní àwọn ò lè lo pálọ̀. Àwọn alàgbà ìjọ kì í kúrò níbẹ̀, yàrá ìkàwé Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò sì ní ilẹ̀kùn, kọ́tìnì ló là á láàárín. Wọ́n ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ pálọ̀. Yàrá kan wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà, lẹ́yìn ilé, tí wọ́n kọ́ fún àwọn aboyún tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá bá lójijì. Yàrá ìgbẹ̀bí ni wọ́n ń pè é. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé agbára ráútà ò lè wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti fa wáyà láti pálọ̀ lọ sí yàrá ìkàwé Bàbá, kí n sì fa òmíràn gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí yàrá ìgbẹ̀bí, kí n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ìdí wọn.

Orí ọ̀kadà ni mo gbé páálí wáyà náà lé. Àwọn aṣọ́bodè tó wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò pọ̀ ju kòtò lọ. Níbi àkọ́kọ́ wọ́n ní kí n tú páálí. Níbi kejì wọ́n ní kí n tú u. Níbi kẹta, ọ̀gá kan tẹ wáyà náà lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, ó sì bi mí bóyá epo bẹntiróòlù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú bí mi, mo ṣàlàyé íntánẹ́ẹ̀tì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tó wà níwájú àwọn tó ń dá a lẹ́kọ̀ọ́. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo parí, ó ní ó ti yé òun, kí n wá yí páálí náà dà sílẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ náà lọ́jọ́ méjì, mo sì gbádùn ara mi, torí Màmá gbé àga wá tì mí. Inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan, wáyà tín-ínrín mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì jẹ́ méjì méjì. Ọ̀kan nínú méjì á jẹ́ aláwọ̀ kíkún, èkejì á jẹ́ funfun tí ìlà àwọ̀ kan náà wà lára rẹ̀: àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró àti àwọ̀ kòkó. Màmá fi jígí ojú wọn wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá mẹ́rin aláwọ̀ kíkún àti ọmọ mẹ́rin onílà nìyí, ẹni tó ṣe é ti ṣiṣẹ́ nílé ìgbẹ̀bí rí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo rà jẹ́ gbàrọgùdù. Èyí tó dára máa ń ní àwọ̀ lára, tí á máa júwe ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń lọ. Tèmi ò ní ju ẹnu mẹ́jọ lọ, tí wọ́n kọ ọ̀kan sí mẹ́jọ sí lábẹ́. Kò dà mí láàmú, mo ti mọ ètò náà sórí. Mo to wáyà, mo fi irinṣẹ́ mi tẹ wọ́n wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ́sítà tan iná mẹ́jọ, a sì fi láptọ́ọ̀pù pe ọmọ Màmá láti yàrá ìgbẹ̀bí. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Màmá fi ọwọ́ kan ojú láptọ́ọ̀pù náà. Mo ní kí wọ́n fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láìbò, nítorí ọlọ́dà ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì, kí ọlọ́dà náà fi ìdérí rẹ̀ dé e tí ọ̀dà bá gbẹ. Mo forí lé Ìlaròó, mo ń kọrin lẹ́yìn ọ̀kadà. Mo gbàgbé irinṣẹ́ tí mo fi ń tẹ wáyà sórí fèrèsé yàrá ìgbẹ̀bí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ Màmá fi pè mí. Ó ní yàrá ìgbẹ̀bí ò ṣiṣẹ́ mọ́, oyún òun sì ti wọ oṣù tó yẹ kó wọ̀. Bó tilẹ̀ ṣẹ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì, òun ò fẹ́ kó bá òun láìgbáradì. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi ṣe é. Mi ò fẹ́ dá wà." Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ní Sátidé, mo ti wà ní Ifọ́nyìntẹ́dó kí oòrùn tó mú.

Mo ki tẹ́sítà bọ̀ ọ́. Iná mẹ́jọ tàn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ìkíní dé ìkẹjọ. Mo gbé láptọ́ọ̀pù sí yàrá Bàbá, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo gbé e sí yàrá ìgbẹ̀bí, ó ní òun ti rí ọ̀nà, kí a tó ṣe àmín, ó ní ọ̀nà ti sọnù. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri ní dídé, ọ̀dà funfun yí i ká rẹ́mú. Kò sọ sí mi lọ́kàn láti tú u. Ṣé ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ máa yẹ̀ wò ni?

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ Ṣókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Mo lọ Ṣókótó lọ́jọ́ náà dé ìdí ibodè. Mo kọ́kọ́ gun òrùlé lọ bá díìṣì, Bàbá Hẹdimásítà dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń ka Sáàmù tó bá gígun òkè mu. Díìṣì ò ṣe nǹkan kan. Mo dá ráútà lẹ́bi, mo pa á, mo tàn án, títí tí Bàbá fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó mí. Mo ní mànàmáná ló ṣe é. Wọ́n ní òjò ò tíì rọ̀ láti ọjọ́ tí mo lọ. Mo ní ọ̀dà ló ṣe é, mo sì sọ̀rọ̀ ọlọ́dà tí kò sí níbẹ̀ láìdáa. Lẹ́yìn náà mo ní eku ló ti jẹ wáyà lábẹ́ ilẹ̀. Mo gba ọkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ la ewúro Màmá kọjá. Ìlà ewúro méjì gbáko ni mo hú kí n tó rí wáyà náà, ó dùbúlẹ̀ sínú páìpù tí mo fi bò ó, láìsí ojú eyín kan lára rẹ̀. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n wo ewúro, wọ́n wò mí, wọ́n sì sọ fún afẹ́fẹ́ pé ibi ẹsẹ̀ ló máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi síbẹ̀síbẹ̀.

Mi ò tíì bu òkèlè kejì nígbà tí fóònù Bàbá dún ní pálọ̀. Ọkọ ọmọ wọn ló pè. Omi ti dà lára ìyàwó rẹ̀, wọ́n ti dé ọsibítù. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀sán ti pọ́n, àwọn alàgbà mẹ́wàá sì ti jókòó sí pálọ̀ fún ìpàdé ìkórè. Ọ̀rọ̀ náà gba pálọ̀ kan. Bàbá dábàá pé kí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù wá síbẹ̀, àwọn ọkùnrin á kọjú sí ògiri. Màmá dìde. Wọ́n wọ yàrá lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́ wọn, funfun báláú, tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ yìí, fìlà nọ́ọ̀sì sì wà lórí ewú wọn. Wọ́n fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Wọ́n wọ yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n dúró síwájú láptọ́ọ̀pù tí kò fi nǹkan kan hàn, wọ́n ń dúró.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè. Nínú gbogbo ìgbésí ayé mi, ẹ̀rù ò tíì bà mí bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin yìí ò jẹ́ kí n kú sínú ìyá mi, ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí, mi ò lè ṣe é. Nítorí kí n má baà máa wo ojú wọn, mo kúnlẹ̀ ti ògiri, mo mú ìtúdèé nínú báàgì irinṣẹ́ mi, mo sì tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ dára ju tèmi lọ. Wọ́n gé orí wáyà dọ́gba, wọ́n tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé láìha á lára, bí ẹni tó ti fi abẹ́rẹ́ rán èèyàn fún ọgbọ̀n ọdún. Kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọmọ ọsàn àti ìyá rẹ̀, ọmọ ewé àti ìyá rẹ̀, ọmọ aró àti ìyá rẹ̀, ọmọ kòkó àti ìyá rẹ̀, gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ, oníkálukú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó bí i.

Mo ní, "Màmá, ta ló tú sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí?"

Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó fèsì. "Èmi ni. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lójú Bàbá. O gbé ìyá aró tòun tọmọ rẹ̀ sáàárín ìyá ewé àti ọmọ ewé. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo bá ẹ tún un ṣe, mo sì panu mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ṣé ti pálọ̀ náà, Mà?"

"Ti pálọ̀, àti ti Bàbá. Ṣé ti Bàbá ò ṣiṣẹ́ ni?"

Ó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá yé mi lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìdí tí tẹ́sítà fi ń tan iná rẹ̀ lójú mi láti àárọ̀. Wáyà kẹta níhìn-ín ni wáyà kẹta lọ́hùn-ún, ìkẹfà sì ni ìkẹfà. Ìyẹn nìkan ni tẹ́sítà mọ̀ ọ́n bi. Kò mọ ẹni tó bí ẹnì kan. Mo ti fi odindi àárọ̀ kan gba ẹ̀rí ẹlẹ́rìí tí kò mọ ẹbí.

Báwo wá ni màá ṣe sọ ọ́ fún Màmá Nọ́ọ̀sì? Mo fẹ́ purọ́. Mo fẹ́ ní ìpẹtà ló mú un. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun náà wà lójú mi. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, Mà. Ẹnu kẹta àti ẹnu kẹfà ló jọ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ níbí. Ìyá àti ọmọ kan náà ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ jìnnà síra nìyẹn. Bó ṣe wà báyìí, ọmọ ewé ló wà lẹ́nu kẹta, ìyá aró ló wà lẹ́nu kẹfà. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Mà. Ọ̀nà ti Bàbá ò jìn, ariwo wọn ò tíì pọ̀ débi tí ọ̀rọ̀ ò fi ní yé wọn. Tibí jìnnà, wọn ò gbọ́ ara wọn."

Mo fa wáyà náà jáde díẹ̀ sí i látinú ògiri, mo fi abẹ ya èèpo rẹ̀ títí tó fi tó ìbú ọwọ́ kan, mo sì gbé e sún mọ́ jígí wọn. Nínú ibẹ̀, ìyá ewé àti ọmọ ewé lọ́ mọ́ ara wọn, wọ́n lọ́ mọ́ra láìtú.

"Bí wọ́n ṣe wà nìyí láti pálọ̀ títí débí, Mà. Wọn ò fi ara wọn sílẹ̀. Ẹnu ògiri yìí nìkan ni wọ́n ti yà díẹ̀."

Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mo rí i tí ẹnu wọn ń ka wọ́n, ìyá, ọmọ, ìyá, ọmọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọgbọ̀n ọdún. Ilé ara mi ni mo wá ti gbé ọmọ fún ẹni ẹlẹ́ni." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú wọn, mi ò mọ èwo ló ṣíwájú. Wọ́n na ọwọ́ sórí fèrèsé, wọ́n mú irinṣẹ́ mi tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, wọ́n ní kí n máa pè é fún àwọn, ọwọ́ tèmi ò balẹ̀ tó. Òótọ́ ni. Ọwọ́ tiwọn balẹ̀ ní kété tí iṣẹ́ dé. Mo ń pè é, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́: ọmọ ọsàn, ìyá ọsàn, ọmọ ewé, ìyá aró, ọmọ aró, ìyá ewé, ọmọ kòkó, ìyá kòkó. Nígbà tí wọ́n dé orí ìyá aró, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo sáré lọ tún ti pálọ̀ ṣe láàárín àwọn alàgbà mẹ́wàá, tí gbogbo wọn gbé ẹsẹ̀ sókè fún mi.

Màmá ò jẹ́ kí n padà wọlé. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí n jókòó ti ráútà, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohùn wọn láti òkè ọgbà nígbà tí iná ráútà tàn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo ti dé."

Bí wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó síbẹ̀, tí mo gbé ráútà lé ẹsẹ̀. Ìpàdé ìkórè kú sórí ìdúró. Àwọn alàgbà ń díbọ́n pé àwọn ń ka ìwé ìpàdé, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ gbé tirẹ̀ dorí kodò. Nígbà tí ohùn Màmá bá ga, tí wọ́n ń sọ pé kó mí, kó má tíì tì í, alàgbà méjì á mí pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá Hẹdimásítà ń rìn láti ògiri dé ògiri. Ìgbà tí igbe ọmọ tuntun gba inú ọgbà wá, tín-ínrín, láti ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ rìn dé nínú wa, Bàbá yọ jígí ojú wọn, wọ́n sì ń wá a kiri nígbà tó wà lọ́wọ́ wọn.

Màmá pè mí. Ìró tí wọ́n á ya ni mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n bá wọn wá. Àṣé nọ́ńbà ni wọ́n fẹ́ kí n bá wọn kà, jígí wọn ti kún fún omijé. Wọ́n ti sọ fún nọ́ọ̀sì òyìnbó tó wà lójú fídíò pé kó fi ọrùn ọwọ́ ọmọ han àwọn. Rọ́bà kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Mo kà á sókè. Wọ́n ní kó gbé ti ìyá ọmọ wá. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó gbé e wá. Mo ka ìyẹn náà. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ó bára mu. Ìgbà náà ni Màmá Nọ́ọ̀sì tó jókòó, láti ọ̀sán.

Ó ti pẹ́ báyìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n béèrè físà, wọ́n fún wọn. Màmá àti Bàbá ti wà lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ ọmọ-ọmọ wọn láti bí ọdún méjì. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ọmọ wọn bá ń ṣe ségesège, èmi ni Màmá ń pè láti Kánádà, wọn kì í sì í kí mi tán kí wọ́n tó ní àwọn ti tú ẹnu ògiri wò, ìyá ewé wà níbi tó yẹ kó wà, nítorí náà kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíràn, kí n má sì gba ibi ẹsẹ̀. Mo máa ń lọ ṣí ilé Ifọ́nyìntẹ́dó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ewúro tí mo hú ti padà hù, ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo máa ń dúró díẹ̀ nínú yàrá ìgbẹ̀bí, mo sì máa ń rántí bí mo ṣe jẹ́ ọlọ́gbọ́n tó nígbà náà, tí mo gun òrùlé, tí mo sì walẹ̀, torí pé ó nira fún mi láti wo iṣẹ́ ọwọ́ ara mi.

Lọ́dún tó kọjá, mo bi ìyá mi bóyá òótọ́ ni ìtàn aṣọ ọrùn ẹsẹ̀ yẹn. Ìyá mi dìde. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n sì fi nǹkan kan lé mi lọ́wọ́, àǹkárá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ṣá, kókó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí Màmá Nọ́ọ̀sì ṣe ta á. Ìka mi méjì ni mo lè kì bọ̀ ọ́. Mo so ó mọ́ tẹ́sítà mi. Iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè tàn báyìí kí n má sì palẹ̀ mọ́. Mo máa ń kọ́kọ́ tú ẹnu ògiri, kí n fi ojú ara mi rí i pé oníkálukú wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀.